Ìkanra Àgbàlagbà: Ìtùlójú àti Ẹ̀sùn nínú Ìtàn Wa

Ẹni ọdún 48 ni ìyá mi nígbà tí ìkanra wọ̀ wọ́n lára. Ṣáájú ìgbà náà, gbogbo ọjà Tchaourou ni ó mọ̀ wọ́n sí ẹlẹ́rìn-ín. Iṣu ni wọ́n ń tà. Bí oníbàárà bá ń ná ọjà títí tí ọ̀rọ̀ fi sú àwọn tí ó jókòó tì wọ́n, ìyá mi a rẹ́rìn-ín, wọn a sì fi iṣu kan ṣe èènì. Láàrin oṣù díẹ̀, ohun gbogbo yí padà. Ọmọdé da omi sílẹ̀, igbe ta. Bàbá wa béèrè oúnjẹ lẹ́ẹ̀kejì, igbe ta. Lóru, a máa ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn nínú àgbàlá, wọn a máa fi etí aṣọ nu òógùn ojú, bẹ́ẹ̀ ni ọyẹ́ ń fẹ́ tí àwa ọmọ ń wá aṣọ bora. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn a pè wá, wọn a ní kí a má bínú, àwọn kò mọ ohun tí ó ń ṣe àwọn. Kí oòrùn tó kan àtàrí, iná náà a tún ti ràn.

Ọdún tí mo ń múra ìdánwò BEPC ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìbátan bàbá wa kan wá sí ilé, ó fà wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo gbọ́ láti ẹ̀yìn ògiri: "Ẹ̀gbọ́n, obìnrin tí ó bá ti ń dá rìn lóru báyìí, tí inú rẹ̀ kì í sì í rọ̀ lọ́sàn-án, ẹ má fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré o." Kò dárúkọ ohunkóhun, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí ó ń wí. Láti ọjọ́ náà, àwọn aládùúgbò kan kò jẹ́ kí ọmọ wọn jẹun nílé wa mọ́. Ọ̀rẹ́ ìyá mi kan ṣí àtẹ rẹ̀ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ tiwọn. Ẹ̀sùn tí ẹnikẹ́ni kò fi ẹnu sọ ní gbangba ni, síbẹ̀ ó wọ ilé wa, ó sì jókòó.

Mo ti di olùkọ́ ìtàn báyìí, mo sì ti tó ọjọ́ orí tí mo lè fi wo ọ̀rọ̀ náà láìsunkún. Ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi ni pé: àwọn ìyá tí ó ti wà ṣáájú ìyá mi, tí ara wọn gbóná bẹ́ẹ̀ ní àárín ọjọ́ orí, kí ni àwọn ará ìlú ṣe fún wọn? Ìtàn fi ọ̀nà méjì hàn mí. Ọ̀kan ni ìtùlójú, èkejì ni ẹ̀sùn. Inú ìgbàgbọ́ kan náà ni méjèèjì ti jáde, àwa kan náà ni a sì ti rìn wọ́n. Ohun tí mo fẹ́ fi yé ẹ̀yin òǹkàwé ni pé yíyàn wà níbẹ̀, àwọn baba wa yàn, àwa náà sì lè yàn.

Ohun tí èdè wa ti mọ̀

Kí a tó wọ inú ìtàn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tẹ́tí sí èdè. "Inú ń bí mi" ni Yorùbá ń wí, bí ẹni pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn láti inú wá, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń wò ó. Òwe wa pàápàá ya ìbínú sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó ni ín: ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni méjì ni ó wà nínú òwe yìí. Ọ̀kan ń sáré, èkejì kò lè dúró. Bí a bá sì wò ó dáadáa, ẹni tí òwe náà ń káàánú ni olúwa ìbínú, nítorí òun ni ìyà yóò jẹ nígbẹ̀yìn.

Ìkanra tún yàtọ̀ sí ìbínú. Ẹni tí a bá ṣẹ̀ ni inú ń bí. Ẹni tí ń kanra kò dúró dìgbà tí a bá ṣẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó bá fetí sí ọ̀rọ̀ náà yóò gbọ́ ara nínú rẹ̀, bí ẹni pé ara ni ó kan, bí ọbẹ̀ tí ó sùn mọ́jú tí a kò sè gbóná. Àwọn tí ó ń sọ èdè yìí ti mọ̀ tipẹ́ pé ìkanra lè wá láti inú ara, kí ìwà olúwa rẹ̀ má sì ní ẹ̀bi kankan.

Bákan náà ni a ń sọ ọ̀rọ̀ ooru àti ìtutù. Orí lè gbóná, ilé lè gbóná, ìlú lè gbóná. Ọkàn lè tutù, ilé lè tutù, ìlú lè tòrò. Ohun tí ó bá gbóná, ẹ̀rọ̀ ni a ń wá fún un. Omi inú ìgbín, tí a fi ń bọ Ọbàtálá, ni a ń pè ní omi ẹ̀rọ̀. Àwọn tí wọ́n sọ Ṣàngó di òrìṣà pàápàá kò fi àbùkù onínúfùfù pa mọ́ fún wa. Nínú ìtàn Ọ̀yọ́ tí Samuel Johnson kọ sílẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ọba tí inú rẹ̀ le ni Ṣàngó. Ó dán oògùn tí ń pe mànàmáná wò, mànàmáná náà sì já lu ààfin òun fúnra rẹ̀, ó pa aya, ó pa ọmọ. Ẹ̀kọ́ náà hàn kedere. Ilé onínúfùfù ni iná inú rẹ̀ ń kọ́kọ́ jó.

Èdè wa tún ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Àlàáfíà ni. Tí a bá kí ènìyàn pé "Ṣé àlàáfíà ni?", ìlera ara rẹ̀ ni a ń béèrè, tí a bá sì sọ pé ilé kan kò ní àlàáfíà, ìjà inú rẹ̀ ni a ń wí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó gbé méjèèjì. Ní àgbègbè Tchaourou wa yìí, ìlú kan wà tí ń jẹ́ Alafiarou. Mi ò lè gbọ́ orúkọ rẹ̀ kí n má ronú kan ọ̀rọ̀ yìí. Ìlera ara àti ìrẹ́pọ̀ ilé kò ṣeé pín níyà.

Ìlú tí ó ń tu àwọn ìyá lójú

Ní gúúsù wa, ìlú Kétu ni ọ̀pọ̀ ìtàn ẹnu fi ṣe orírun Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ eré náà nítorí ère orí rẹ̀ tí ó lẹ́wà, tí a ń rí nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kárí ayé. Ṣùgbọ́n ìdí tí a fi ń jó o ni ó kan ọ̀rọ̀ wa lónìí.

Àwọn ọkùnrin ni ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Aṣọ obìnrin ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n ń di ìdí, wọ́n ń di àyà, wọ́n ń so ṣaworo mọ́ ẹsẹ̀, àwọn obìnrin ni a sì ń jó o fún. Àwọn tí a ń pè ní "àwọn ìyá wa" ni a ní lọ́kàn jù, ìyẹn àwọn obìnrin tí wọ́n ti dàgbà, tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró tàbí tí ó ń dáwọ́ dúró lọ. Ìgbàgbọ́ àwọn ará ìgbàanì ni pé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ní àṣẹ tí ọkùnrin kò ní. Bí inú rẹ̀ bá dùn, ilé á tòrò, oko á so, aboyún á bí wẹ́rẹ́. Bí inú rẹ̀ bá ru, gbogbo wọn lè dàrú. Babatunde Lawal, tí ó tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 1996, àti Henry àti Margaret Drewal tí tiwọn ti jáde ní 1983, fi hàn pé gbogbo ẹwà eré náà, ìlù rẹ̀, aṣọ rẹ̀, ère rẹ̀, ìtùlójú ni wọ́n wà fún.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀. Obìnrin àgbà kan, Ìyálàṣẹ̀, ni olórí ẹgbẹ́ náà. Ìyẹn ni pé ẹni tí a ń tù lójú ní ohùn nínú bí a ó ṣe tù ú. Ojú ọjà ni wọ́n ti ń ṣe é, níbi tí obìnrin ti ń ṣòwò, tí ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀, tí ó ti ń fara da ọ̀rọ̀. Gbogbo ìlú ni ó ń jáde, kò sí ẹni tí yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ilé lágbájá ni. Lẹ́yìn ìkórè ni wọ́n sì ń ṣe é lọ́dọọdún, àti nígbà ọ̀dá tàbí àjàkálẹ̀ àrùn. Ìlú kì í dúró dìgbà tí ìyá kan bá kígbe kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Síbẹ̀, ìtùlójú kì í ṣe ìpọ́nni lásán. Ní òru tí ó ṣáájú ijó ọ̀sán, Ẹ̀fẹ̀ ni ń jáde. Olórin rẹ̀ a kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá, a gbàdúrà fún ìlú, lẹ́yìn náà ni yóò wá fi orin sọ òtítọ́ fún gbogbo ènìyàn: olè, ọ̀kánjúwà, ọkọ tí kò tọ́jú ilé, aya tí ó ń da ilé rú. Ẹni tí orin bá bá, a rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn tí ń rẹ́rìn-ín, a sì lọ sí ilé lọ tún ìwà rẹ̀ ṣe. Ìtùlójú tí àwọn baba wa ṣe ní òtítọ́ nínú. Wọn kò sọ pé kí ẹni tí ń kanra máa lu ọmọ ní àlùbolẹ̀ nítorí pé ara rẹ̀ gbóná. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n kọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún un, kí wọ́n tó bá a wí.

Ìlú tí ó pa àṣà yìí mọ́ kì í ṣe ìlú tí kò rí ìyọnu. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì pa Kétu run ní 1886, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Lẹ́yìn tí agbára ọba Dàhòmì wó ni àwọn tí ó ṣẹ́ kù padà wá tún ìlú kọ́, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sì wà títí dòní. Ní 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún àgbáyé tí a kò lè fọwọ́ kàn, ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Ní 2008, wọ́n fi í sínú àkọsílẹ̀ wọn tí ó wà títí. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n ogún tí a kọ sínú ìwé, tí a kò sì lò nínú ilé, àkísà aláràbarà ni.

Ọdún tí a yan ẹ̀sùn

Ní nǹkan bí 1950, ohun mìíràn wọ ilẹ̀ Nàgó. Atinga ni orúkọ rẹ̀. Láti apá àríwá Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana lónìí, ni ó ti wá, ó gba Dàhòmì kọjá, nígbà tí ó sì di òpin ọdún 1950, ó rékọjá ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pa ní 1889, ó wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbádò ní Nàìjíríà. Peter Morton-Williams, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, kọ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1956.

Àwọn oníjó Atinga a wá sí ìlú tí ó bá pè wọ́n tí ó sì san owó. Wọn a jó títí tí nǹkan yóò fi gùn wọ́n, wọn a sì máa nawọ́ sí àwọn tí wọ́n pè ní àjẹ́. Àwọn obìnrin, àwọn àgbà jù lọ, ni wọ́n máa ń nawọ́ sí. Obìnrin tí ó bá jẹ́wọ́ a san owó, wọn a sì wẹ̀ ẹ́ mọ́. Èyí tí ó bá kọ̀, adìẹ ni wọn yóò pa láti fi dán an wò. Bí adìẹ náà bá ti kú ni a ó fi mọ̀ bóyá ó jẹ̀bi. Wọ́n wó ojúbọ òrìṣà káàkiri. Ní 1951, ìjọba Nàìjíríà fòfin dè wọ́n.

Andrew Apter, tí ó tún ìtàn Atinga gbé yẹ̀ wò ní 1993, tọ́ka sí ọrọ̀ ajé ìgbà náà. Owó kòkó gbéra sókè lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Owó tuntun wọ ìlú, ó gun ọwọ́ àwọn kan, ó yẹ ọwọ́ àwọn mìíràn sílẹ̀. Àwọn obìnrin oníṣòwò ní owó lọ́wọ́ tí ọkọ wọn kò lè kà. Ìbẹ̀rù àti ìlara wá ẹni tí wọn yóò dì lé lórí, wọ́n sì rí i.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Ìgbàgbọ́ tí ó wà lẹ́yìn Atinga kò yàtọ̀ sí èyí tí ó wà lẹ́yìn Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Méjèèjì ni ó sọ pé obìnrin àgbà ní agbára tí ó lè bani lẹ́rù. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sọ pé: nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a jó fún un. Atinga sọ pé: nítorí náà, ẹ mú un wá. Èmi kò wá síbí láti jiyàn lórí bóyá àjẹ́ wà tàbí kò sí. Olúkúlùkù ní ìgbàgbọ́ tirẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìgbàgbọ́ nìkan kò pinnu ohun tí a ó ṣe. Àwọn ará ìlú tí wọ́n ń jó fún àwọn ìyá wọn lánàá ni wọ́n san owó fún ẹni tí yóò nawọ́ sí wọn lónìí.

Ọ̀rọ̀ náà kò parí ní 1951. Ní àárín àwọn ọdún 1970, lábẹ́ ìjọba Mathieu Kérékou, ìpolongo ńlá kan tún dìde ní orílẹ̀-èdè wa lòdì sí àjẹ́ àti oṣó. Àwọn obìnrin arúgbó wà lára àwọn tí ó jìyà rẹ̀ jù, a sì mú àwọn kan jẹ́wọ́ lórí rédíò. Àwọn tí ó ti lé ní ọdún 60 láàrin wa rántí ìgbà náà. Ẹ bi wọ́n léèrè, ẹ ó rí i bí ohùn wọn ṣe ń rẹlẹ̀.

Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ta ni ojú ènìyàn yóò kọ́kọ́ lọ sí? Dájúdájú, kì í ṣe obìnrin tí ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó jágbe mọ́ ọmọ aládùúgbò lánàá ni. Ẹni tí kò rí oorun sùn, tí ó ń rìn nínú àgbàlá lóru. Mo ronú kan ìyá mi, mo sì mọ̀ pé bí ó bá ṣe pé 1950 ni wọ́n pé ọdún 48, ìtàn tí mo ń sọ yìí ìbá yàtọ̀.

Àwọn oníṣègùn náà fẹ̀sùn kàn

Kí a má rò pé àwa nìkan ni. Ní ilẹ̀ Faransé, oníṣègùn kan, Charles de Gardanne, tẹ ìwé ìmọ̀ràn kan jáde ní 1816 fún àwọn obìnrin tí ó ń wọ ọjọ́ orí tí Faransé ń pè ní âge critique. Nígbà tí ó tún un tẹ̀ ní 1821, ó lo ọ̀rọ̀ kan tí òun fúnra rẹ̀ dá, ménopause, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì tí ó túmọ̀ sí oṣù àti ìdádúró. Láti ìgbà náà ni nǹkan yìí ti ní orúkọ nínú ìwé ìṣègùn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo orúkọ ni ó ń tuni lára. Ní 1896, oníṣègùn ọpọlọ ará Jámánì, Emil Kraepelin, ṣàpèjúwe àrùn ọpọlọ kan tí ó sọ pé ó jẹ́ ti ìgbà tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀yìn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, obìnrin tí inú rẹ̀ kò dùn ní ọjọ́ orí náà lè bá ara rẹ̀ nínú ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ pẹ̀lú orúkọ yìí lórí. Ní 1980 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ti Amẹ́ríkà yọ ọ́ kúrò nínú ìwé wọn gẹ́gẹ́ bí àrùn tí ó dá dúró, nítorí pé ẹ̀rí kò fi hàn pé ó yàtọ̀ sí ìbànújẹ́ ọkàn tí ó lè bá ẹnikẹ́ni ní ọjọ́ orí èyíkéyìí. Ẹ̀sùn ni ìyẹn náà, bí a tilẹ̀ fi aṣọ funfun wọ̀ ọ́.

Ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn ń sọ lónìí rọrùn láti lóye. Láàrin ọdún 45 sí 55, ní ti ọ̀pọ̀ obìnrin, èròjà tí ara fi ń ṣètò nǹkan oṣù a bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, kì í sì í dínkù ní ìdọ́gba. A gòkè, a sọ̀kalẹ̀, fún ọdún díẹ̀. Ooru òjijì a máa mú ara, òógùn a máa bo ènìyàn lóru, oorun a sì sá lọ. Ẹni tí kò sùn fún oṣù mẹ́ta, tí ó ń jí dáná fún ènìyàn mẹ́jọ, báwo ni kò ṣe ní kanra? Ó le fún àwọn kan, àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n. Ìtọ́jú wà, dókítà tàbí agbẹ̀bí sì lè ṣàlàyé èyí tí ó yẹ ẹnìkọ̀ọ̀kan.

Nínú àwọn oníṣègùn ọpọlọ náà, àwọn kan wà tí wọ́n padà sí ọ̀nà ìtùlójú, ilẹ̀ wa sì ni wọ́n ti ṣe é. Ní Aro, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1954: dípò kí ó ti aláìsàn mọ́ ilé, ó ní kí ó máa gbé láàrin àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, kí ìbátan rẹ̀ kan sì bá a wá. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sínú iṣẹ́ náà. Ní Dakar, Henri Collomb, ọmọ Faransé, ń kó aláìsàn, ìbátan àti òṣìṣẹ́ jọ ní ilé ìwòsàn Fann sí ìpàdé kan tí wọ́n fi orúkọ Wolof pè ní pénc, níbi tí olúkúlùkù ti lè sọ̀rọ̀. Ohun tí àwọn méjèèjì rí ni pé orí tí ó gbóná kì í dá tutù. Ènìyàn ni ó ń tu ènìyàn.

Àwọn bàbá ńkọ́?

Òǹkàwé kan yóò ti máa sọ pé, ṣé obìnrin nìkan ni ó ń kanra ni? Rárá o. Ara ọkùnrin kì í yí padà lójijì bí ti obìnrin, ṣùgbọ́n ẹni ọdún 50 tí ó ní ọmọ ní yunifásítì, tí òrùlé rẹ̀ ń jò, tí iye kajú ń já wálẹ̀ ní ìgbà tí ó fẹ́ tà, tí òbí rẹ̀ sì ń ṣàìsàn, òun náà a máa gbaná jẹ bí ewé gbígbẹ. Kì í sùn, kì í sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn kan a sá sínú ọtí, ọtí náà a sì tún kún iná náà.

Ìyàtọ̀ tí ó wà ni orúkọ tí a ń fún un. Bí bàbá bá ń jágbe nínú ilé, a ní ọkùnrin líle ni, a ní ó ń ṣe bàbá. Bí ìyá bá jágbe bákan náà, a bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lóru. Òṣùwọ̀n méjì ni, kò sì ṣe ẹnikẹ́ni nínú wọn ní rere. Obìnrin gba ẹ̀sùn tí kò tọ́ sí i. Ọkùnrin kò rí ẹni tí yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ni ó ń dùn ún, nítorí a ti fi ìyìn bo àìsàn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹní tí bàbá wa tẹ́

Mo jẹ yín ní òpin ìtàn ìyá mi. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ìbátan wa wá, bàbá wa dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá a lóhùn pé: "Ara ìyàwó mi ni ó gbóná. Ìwà rẹ̀ kò yí padà." Bàbá wa kò lọ sí ilé ìwé rí. Àgbẹ̀ ni wọ́n. Wọn kò gbọ́ orúkọ Gardanne, wọn kò sì rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ rí. Láti alẹ́ náà, wọ́n a tẹ́ ẹní sí àgbàlá. Bí ìyá mi bá jáde lóru, bàbá wa a jáde tẹ̀ lé wọn, wọn a jókòó tì wọ́n lórí ẹní, wọn a máa sọ̀rọ̀ oko títí tí oorun yóò fi dé. Nígbà mìíràn, àfẹ̀mọ́jú ni wọ́n ń wọlé.

Wọ́n tún pe àwa ọmọ jọ. Wọ́n ní ìyá yín kò sùn, nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni yóò máa dáná òwúrọ̀, èmi ni yóò máa pọn omi, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bá ìyá jiyàn kí wọ́n tó jẹun. Wọ́n sọ fún ìyá mi náà, níṣojú wa, pé ọmọ kì í ṣe ìlù. Bí ara bá gbóná, kí wọ́n jáde sí abẹ́ igi, kí ọwọ́ má kan ọmọ. Ìyá mi gbà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, agbẹ̀bí kan ní ilé ìwòsàn ṣàlàyé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ fún wọn. Mo rántí pé wọ́n sunkún nígbà tí wọ́n dé ilé. Wọ́n ní àwọn ti ń rò pé àwọn ń ya wèrè.

Ó tó ọdún mẹ́ta kí iná náà tó kú pátápátá. Ìyá mi ti lé ní 65 báyìí, wọ́n sì tún ti di ẹlẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ wọn tí ó ṣí àtẹ kúrò kò padà wá títí ó fi kú. Nǹkan kan ṣoṣo tí ẹ̀sùn ba jẹ́, tí a kò rí tún ṣe, nìyẹn.

Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ìtàn Kétu, mo máa ń rántí ẹní yẹn. Ọ̀wọ̀ ṣáájú ìbáwí. Gbogbo agbo ilé ni ó pín ẹrù náà. Ẹni tí a ń tù lójú ní ohùn nínú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. A sọ òtítọ́ fún un láìdójú tì í. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kékeré ni bàbá wa ṣe, láìní ìlù, láìní ère.

Ẹ̀yin ará, kò sí ilé tí àárín ọjọ́ orí kò ní kàn. Ìgbà tí ó bá kan ilé yín, tí ìyá tàbí bàbá bá ń gbaná jẹ láìnídìí, ẹ ó rí ọ̀nà méjì tí àwọn baba wa rí. Ọ̀rọ̀ tútù ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ líle ní í yọ ọfà lápó. Ẹ béèrè bí ó ṣe sùn. Ẹ gba iṣẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bá a lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá fà yín sí ẹ̀gbẹ́ kan láti sọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ẹ dá a lóhùn bí bàbá wa ti dáhùn, kí ẹ sì tẹ́ ẹní sí àgbàlá.